Ìbílọlá, Akínladé àti Òfin Jámánì

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1992 ni Ìbílọlá kọ́kọ́ rí Akínladé, ìbínú ló sì fi rí i.

Ó gbé páálí kan wá sí pósítọ́fíìsì Ìgbó-Ọrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé e lé orí káńtà, ó ní òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Jámánì. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà wo páálí náà yíká. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkùnrin náà wá sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, Ìbílọlá kò rí i rí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ooru sì ń mú un.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u," ni ọkùnrin náà wí.

"Kí n tú kí ni?"

"Ẹrù yín. Ohun tó bá ń lọ sókè òkun, a gbọ́dọ̀ fojú rí i ká tó gbà á."

"Bọ̀dá, láti ìdájí ni mo ti ń di ẹrù yìí. Ẹni tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kì í ní kí n tú u."

"Ẹni yẹn ti lọ, èmi ló kù."

Ìbílọlá kò tú u. Akínladé mú ọ̀bẹ kékeré, ó gé okùn, ó ya ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa fóòmù jáde. Igbá ló wà nínú páálí náà, igbá tí wọ́n fín ẹyẹ àti ewé sí lára. Ó gbé èyí tó kéré jù lọ jáde kí ó lè wò ó dáadáa. Ìdérí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀, ó là sí méjì.

Àwọn tó tò sẹ́yìn Ìbílọlá na ọrùn wò ó.

"Ẹ ti fojú rí i báyìí," ni Ìbílọlá wí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìbílọlá nígbà náà. Bàbá rẹ̀, Búrẹ́mọ̀, ń dáko gbágùúdá àti ẹ̀gúsí lọ́nà Ìdèrè. Ìyá rẹ̀, Àmínà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fín igbá. Nígbà tí Ìbílọlá jáde ilé ìwé girama tí kò ríṣẹ́, ìdí igbá ló padà sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ilé ìwé, Salome, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú Hamburg ní Jámánì. Salome kò ní ṣọ́ọ̀bù. Inú pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń tajà. Á tẹ àwòrán igbá sínú ìwé pélébé, á fi ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó káàkiri. Ẹni tó bá fẹ́ igbá á kọ lẹ́tà, Salome á sì fi ọjà náà ránṣẹ́ sí i nílé. Bí igbá tí Ìbílọlá ń fín ní àgbàlá bàbá rẹ̀ ṣe ń dé ilé òyìnbó nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Akínladé wá sí ilé Búrẹ́mọ̀. Ó gbé igbá ńlá kan dání. Ó ní òun lọ sí ọjà Ayétè láti rà á, kí òun lè fi rọ́pò èyí tí òun fọ́.

Àmínà gba igbá náà, ó fi ìka kàn án, ó gbé etí sí i.

"Ọmọ mi, ta ló ta èyí fún ọ?"

"Ìyá àgbà kan ni, mà."

"Ìyá àgbà yẹn ti rí ọ pé o ò mọ igbá. Igbá yìí ò tíì gbó. Tó bá gbẹ tán, á hunjọ bí ojú mi yìí."

Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìbílọlá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí Akínladé jókòó, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́ tán. Kí ó tó lọ, ó ti sọ fún wọn pé Èrúwà ni ilé àwọn, pé bàbá òun ti kú, àti pé ìyá òun, Rebecca, jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Onígbàgbọ́ ni yín?" Búrẹ́mọ̀ bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Búrẹ́mọ̀ mi orí.

Akínladé tún wá ní Sátidé kejì, kò sì mú igbá wá. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Gbogbo ilé mọ̀ pé ọ̀nà ilé wọn kò lọ síbì kankan, oko nìkan ló lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń kọjá lọ. Bí Ìbílọlá bá gbé ẹrù wá sí pósítọ́fíìsì, kì í dì í mọ́ kí ó tó wá. Orí tábìlì Akínladé ló ti ń dì í, àwọn méjèèjì á jọ fa okùn, ọwọ́ wọn á kan ara wọn, kò sì sẹ́ni tó máa yára fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, Akínladé sin Ìbílọlá dé ẹ̀bá oko. Ó dúró lójijì.

"Ìbílọlá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ẹ̀yin tí ẹ fọ́ igbá mi?"

"Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni. Inú bí ọ, o ò sì bú mi. Ìyẹn ni mo gbé lọ sílé."

"Mo bú yín nínú."

"Mo gbọ́ ọ," ni Akínladé wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Má pè mí ní ẹ mọ́, olólùfẹ́ mi."

"Bọ̀dá mi lẹ jẹ́. Ẹnu mi ò lè pè yín ní ìwọ."

Ìbílọlá ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó wò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti rò ó tán. Ó fẹ́ràn bí ọkùnrin náà ṣe máa ń fetí sílẹ̀, ó fẹ́ràn bí ó ṣe jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ìyá rẹ̀ láìṣe yàngà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni bàbá rẹ̀, nítorí Mùsùlùmí ni ilé wọn.

Ní oṣù Kejìlá, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ Salome. Ìbílọlá kà á sétí gbogbo ilé.

"Ìbílọlá, òfin tuntun ti dé síbí," ni Salome kọ. "Ohun tí wọ́n bá fi di ọjà, ẹni tó ta ọjà náà ló gbọ́dọ̀ gbà á padà, kò sì gbọdọ̀ dà á sí ààtàn ìjọba. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò tún un ṣe di nǹkan mìíràn. Àwọn oníbàárà mi ti ń dá fóòmù rẹ padà sí mi. Ó ti kún ìdáná mi, ọkọ mi ń kùn. Àwọn tó ń kó bébà ò gbà á, nítorí fóòmù, ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá lè sanwó kí wọ́n bá wọn kó tiwọn, èmi ò lè san án. Jọ̀wọ́, wá nǹkan mìíràn tí o máa fi di igbá. Tó bá tún jẹ́ fóòmù, mi ò ní lè gbà á."

"Òyìnbó ń ṣòfin lórí ohun tí wọ́n fi di ẹrù?" Àmínà bèèrè.

"Òfin tó dáa ni," Búrẹ́mọ̀ dáhùn, ó sì ya gbogbo wọn lẹ́nu. "Ewúrẹ́ mi tó kú lọ́dún ìjẹta, ọ̀rá la bá nínú ikùn rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí èèyàn kó ìdọ̀tí tó dà padà, kí ló burú níbẹ̀?"

Òfin náà lè dára, iṣẹ́ Ìbílọlá ló wà nínú ewu. Salome nìkan ni oníbàárà tó ní lókè òkun, ìyẹn ló sì ń bọ́ ọ.

Ìbílọlá àti Akínladé jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìbílọlá ní bébà ni òun rò. Ó ní Salome ti sọ pé àwọn kan wà tó ń kó bébà, nítorí náà bébà nìkan ni kí àwọn lò.

"Bébà á rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀," ni Akínladé wí. "Igbá á fọ́. Ewé ni ká lò. Ewé tíìkì gbígbẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ó nípọn, ó tún máa ń jẹrà fúnra rẹ̀. Kò sí òfin tó máa bá ewé jà."

"Ọkàn mi ò gbà á."

"Fọkàn tán mi. Iṣẹ́ mi ni ẹrù fífi ránṣẹ́."

Ìbílọlá wò ó. Ìdùnnú pé ó rí ọ̀nà láti ràn án lọ́wọ́ hàn lójú rẹ̀ gbangba. Nítorí ìdùnnú náà ló ṣe gbà. Wọ́n fi ewé di gbogbo igbá tó fín láti ìgbà òjò, wọ́n kó o sínú àpótí ńlá, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Inú oṣù Kẹrin ni ìròyìn dé. Àwọn tí wọ́n ń yẹ ẹrù wò ní èbúté ọ̀hún bá kòkòrò nínú ewé. Òfin ewé yàtọ̀ sí òfin fóòmù. Wọ́n dáná sun ewé, wọ́n sì sun igbá mọ́ ọn.

Ìbílọlá kò sunkún. Ó wọ yàrá lọ, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Búrẹ́mọ̀ ló sọ̀rọ̀ nígbà tó jáde.

"Ìwọ lo sọ pé bébà, àbí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí o fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ sílẹ̀, tí o mú ti Akínladé? O ò tíì wọlé ọkọ, o ti ń gbàgbé ohun tí o mọ̀. Àwọn èèyàn Láwàl ní Ìdèrè ti wá bi mí lẹ́ẹ̀mejì nípa rẹ fún ọmọkùnrin wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, a mọ ìran wọn. Mi ò fipá mú ọ. Mo kàn sọ fún ọ ni."

Nígbà tí Akínladé dé, ojúde ni Ìbílọlá ti pàdé rẹ̀.

"Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni," ni Akínladé wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo mọ̀. Mo ní bébà, ẹ ní ewé. Mo ní ọkàn mi ò gbà á, ẹ ní kí n fọkàn tán yín. Ẹ ò bi mí ìdí tí ọkàn mi ò fi gbà á."

"Dárí jì mí, olólùfẹ́ mi."

"Mo lè dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ilé tí mo ti máa mọ nǹkan kí n sì dákẹ́. Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Akínladé."

Ó lọ. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí Èrúwà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ Mùsùlùmí náà ti tán, ó ní Ọlọ́run ló dáhùn àdúrà òun, ó sì se ọbẹ̀ tí Akínladé fẹ́ràn jù. Akínladé kò lè jẹ ẹ́.

Ìbílọlá padà sí èrò bébà rẹ̀. Ó ń kó páálí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń jù nù, ó ń rẹ ẹ́ sómi, ó ń gún un nínú odó àtijọ́ kan tí Àmínà yọ̀ǹda, lẹ́yìn tí Àmínà ti ní kò gbọdọ̀ kan odó iyán òun láé. Tó bá gún un kúnná, á fi bo igbá lára, á sá a sóòrùn. Tó bá gbẹ, á bọ́ ọ kúrò lára igbá bí èèpo. Èrò rẹ̀ ni pé kí igbá kọ̀ọ̀kan ní èèpo bébà tirẹ̀, tí kò ní fóòmù, tí kò ní ọ̀rá, tí kò sì ní gọ́ọ̀mù kankan.

Èyí àkọ́kọ́ sán. Èyí tó tẹ̀ lé e hu olú nítorí òjò. Ìbílọlá pò ó mọ́ sítáàṣì tó kù nídìí omi gbágùúdá tí wọ́n rin. Ìyẹn dì, ṣùgbọ́n gbígún náà le ju agbára rẹ̀ lọ. Apá rẹ̀ ń wú.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Akínladé wọ àgbàlá. Búrẹ́mọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Akínladé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, táì rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Baba, mo wá bẹ̀ yín, mo sì wá bẹ ọmọ yín. Mi ò mú ìmọ̀ràn kankan wá. Tí iṣẹ́ bá wà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Búrẹ́mọ̀ wo ọmọ rẹ̀. Ìbílọlá wo Akínladé pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọmọ odó sí i.

Akínladé tú táì rẹ̀, ó gún bébà títí ọ̀sán fi pọ́n. Kò mọ odó gún, bébà ń ta sí i lójú. Ìgbà kan ló dúró, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa ẹnu dé, ó sì bèèrè: "Ṣé kí n gún un sí i, àbí ó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀," ni Ìbílọlá wí. Nígbà tó yí padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àtẹ́lẹwọ́ Akínladé bó. Ó fi aṣọ wé e, ó tún padà wá ní Sátidé kejì, ó sì ń wá bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá. Kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn ará àdúgbò ń wá wo akọ̀wé pósítọ́fíìsì tó ń gún páálí nínú odó, àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń kí wọn.

Wọ́n fi ẹrù kékeré kan dán an wò lákọ̀ọ́kọ́. Salome kọ̀wé padà pé igbá kankan kò fọ́, pé àwọn tó ń kó bébà gba èèpo náà, àti pé kí Ìbílọlá máa bá iṣẹ́ lọ. Ìbílọlá na lẹ́tà náà sí Akínladé kí ó kà á. Nígbà tí Akínladé kà á tán, Ìbílọlá di ọwọ́ rẹ̀ tó ti le bí ọwọ́ àgbẹ̀ mú.

"Bọ̀dá mi," ni Ìbílọlá wí. Láti ọjọ́ tó ti ní kí ó máa lọ, kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Búrẹ́mọ̀ pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Akínladé, tí mo bá ní kí o ṣe Mùsùlùmí kí o tó fẹ́ ọmọ mi ńkọ́?"

"Rárá, sà. Tí mo bá ṣe é nítorí obìnrin, ẹ̀yin náà ò ní gbà pé mo ṣe é."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o máa mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá, sà. Ohun tó bá fẹ́ ni."

Búrẹ́mọ̀ yẹ ẹnu àdá rẹ̀ wò. "Mo gbọ́," ló wí. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kí ó tó ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn Láwàl pé kí wọ́n má bínú.

Ó ku ìyá Akínladé. Ìbílọlá fúnra rẹ̀ ló gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà. Ó kúnlẹ̀ kí Rebecca nínú pálọ̀. Rebecca ní kó dìde, ó fún un lómi.

"O dára lọ́mọ," ni Rebecca wí. "Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, ìjọ ló gbé mi ró. Akínladé nìkan ni mo bí. Mo ti ń fojú inú rí i tí òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò jókòó tì mí báyìí?"

"Mà, mi ò lè ṣèlérí pé màá máa bá yín lọ. Tí mo bá sọ ọ́, irọ́ ni. Ọmọ yín á máa bá yín lọ, mi ò ní dí i lọ́wọ́ láé. Tí ẹ bá ń ṣàìsàn, èmi ni màá tọ́jú yín."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Mo mọ̀, mà."

Rebecca sunkún díẹ̀, ó nu ojú. "Mi ò ní dí yín lọ́wọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní wá. Má retí mi."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn Ìbílọlá dé ilé. Nígbà tó sọ ọ́ fún Akínladé, ó fi orí lé èjìká ọkùnrin náà.

Ọdún 1994, lẹ́yìn ọdún Iléyá, ni wọ́n ṣègbéyàwó. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ fọwọ́ síwèé ní kóòtù. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹbí péjọ sí pálọ̀ Búrẹ́mọ̀. Àwọn àbúrò bàbá Akínladé wá láti Èrúwà. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Akínladé ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá, Ìbílọlá sì ń wo Akínladé.

Ààfáà ti ń ṣàdúrà lọ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níta. Rebecca wọlé. Eruku ti bo bàtà àti gèlè rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun padà. Búrẹ́mọ̀ dìde, ó lọ bá a, ó sì mú un wá jókòó.

Nígbà tí Ààfáà parí, Búrẹ́mọ̀ yíjú sí i.

"Ìyá ọkọ, ó kàn yín. Ẹ gbàdúrà fún àwọn ọmọ."

"Bàbá Ìbílọlá," ni Rebecca wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ mọ bí mo ṣe máa ń parí àdúrà tèmi."

"Ẹ parí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń parí rẹ̀."

Rebecca dìde. Ó gbé ọwọ́ kan lé orí Akínladé, ọwọ́ kejì dúró lófuurufú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e lé orí Ìbílọlá. Ó gbàdúrà pé kí wọ́n má ṣe sú ara wọn. Ó gbàdúrà pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu ìkíní máa wọ etí ìkejì. Ó gbàdúrà fún ọmọ, fún iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó, fún ẹ̀mí àwọn òbí. Nígbà tó dé òpin, ó wo Búrẹ́mọ̀.

"Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa."

Àwọn ará ilé ń wo Búrẹ́mọ̀.

"Àmín," ni Búrẹ́mọ̀ wí, ó sì wí i kíkan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó jókòó síta náà fi dáhùn.